Bí Ẹ Ṣe Lè Wá k Sípíríǹgì Láìṣìnà Nínú Ìbéèrè Físíìsì

Ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́: "Fọ́múlà wo ni ká fi wá k sípíríǹgì (nọ́ńbà tó ń sọ bí sípíríǹgì ṣe le tó)?" Àwọn tó ń múra sílẹ̀ fún WAEC ń bi mí, àwọn tó fẹ́ ṣe JAMB ń bi mí, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì náà ń bi mí. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni màá kọ síbí lẹ́sẹẹsẹ.

Fọ́múlà kọ́ ni ìṣòro. Ó wà nínú ìwé, ẹ sì ti há a sórí. Ohun tó ń já èèyàn kulẹ̀ ni pé kò kọ́kọ́ wo ohun tí sípíríǹgì náà ń ṣe. Ṣé ó so rọ̀, tó dúró jẹ́ẹ́? Ṣé ó ń jó lọ sókè sódò? Àbí nǹkan kan já lù ú, tàbí nǹkan sáré wá kọlù ú? Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní ọ̀nà tirẹ̀. Bí ẹ bá mú ọ̀nà èyí tó dúró jẹ́ẹ́ lọ bá èyí tí nǹkan já lù, ìdáhùn kò ní tọ̀nà, bó ti wù kí ìṣirò yín mọ́ tó.

Sípíríǹgì kan náà ni màá máa lò láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ lè fojú ara yín rí i pé ọ̀nà yòówù ká gbà, ibì kan náà la óò já sí. Gígùn rẹ̀ kí a tó fi nǹkan kọ́ ọ jẹ́ 20 cm, k rẹ̀ sì jẹ́ 40 N/m. Fún g, ìyẹn bí ilẹ̀ ayé ṣe ń mú kí nǹkan yára já bọ̀, màá lo 10 m/s². Bí ìbéèrè yín bá fún yín ní 9.8, òun ni kí ẹ lò.

## Kí ni k ń sọ?

k ni iye ipá tí ẹ máa fi fa sípíríǹgì kó tó fi mítà kan gùn sí i. 40 N/m túmọ̀ sí pé 40 N ló máa fi mítà kan kún gígùn rẹ̀. Nítorí náà, 4 N á fi 10 cm kún un, 2 N á fi 5 cm kún un. Bí k bá ṣe ga tó ni sípíríǹgì ṣe le tó. Sípíríǹgì abẹ́ mọ́tò máa ń ju 10,000 N/m lọ dáadáa, torí ẹ ò lè fi ọwọ́ lásán tẹ̀ ẹ́.

Nínú ìwé ìbéèrè, ẹ lè rí "spring constant", "force constant", "elastic constant" tàbí "stiffness". Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ dà yín láàmú.

## Kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìṣirò

Ẹ yẹ nǹkan mẹ́rin yìí wò. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ Físíìsì dunjú tó pàdánù máàkì torí pé ó fo ọ̀kan nínú wọn.

- Gíráàmù ti di kílógíráàmù? Ẹ fi 1000 pín in. 200 g jẹ́ 0.2 kg.
- Sẹ̀ǹtímítà ti di mítà? Ẹ fi 100 pín in. 5 cm jẹ́ 0.05 m.
- Máàsì ti di ìwúwo? Kílógíráàmù kì í ṣe ipá. Ẹ fi g sọ ọ́ di púpọ̀: 0.2 kg × 10 = 2 N.
- Ṣé ìfàgùn lẹ mú, àbí odindi gígùn? Ìfàgùn ni gígùn tuntun tí a yọ gígùn àtilẹ̀wá kúrò nínú rẹ̀. Tí ìbéèrè bá sọ pé "extends to 25 cm", gígùn ni. Tó bá sọ pé "extends by 5 cm", ìfàgùn ni. "To" àti "by": ọ̀rọ̀ kékeré méjì yìí ni kí ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sí nídìí kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

## Ọ̀nà kìíní: sípíríǹgì tó so rọ̀, tó dúró jẹ́ẹ́

Fọ́múlà rẹ̀ ni F = ke. F ni ipá, e ni ìfàgùn. Àwọn ìwé kan ń kọ x dípò e.

Ìbéèrè: sípíríǹgì tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 20 cm di 25 cm nígbà tí a fi 200 g kọ́ ọ nídìí. Kí ni k?

1. Ẹ wá ipá: 0.2 × 10 = 2 N.
2. Ẹ wá ìfàgùn: 25 − 20 = 5 cm, ìyẹn 0.05 m.
3. Ẹ fi ìfàgùn pín ipá: 2 ÷ 0.05 = 40 N/m.

Ẹni tó bá fi 25 cm pín in yóò rí 8 N/m. Ẹni tó bá gbàgbé láti yí cm padà yóò rí 0.4. Ìdáhùn méjèèjì yìí sábà máa ń wà lára A, B, C, D tí JAMB ń tò sílẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ìbéèrè mọ ibi tí ẹsẹ̀ yín lè yọ̀ sí, wọ́n sì ti dúró dè yín níbẹ̀.

### Bí wọn ò bá sọ gígùn àtilẹ̀wá ńkọ́?

Ìbéèrè: gígùn sípíríǹgì jẹ́ 22.5 cm nígbà tí 100 g wà nídìí rẹ̀, ó sì di 27.5 cm nígbà tí 300 g wà níbẹ̀. Ẹ wá k.

Ẹ má wulẹ̀ wá gígùn àtilẹ̀wá kọ́kọ́. Ẹ wo ohun tó yí padà. Ipá fi 2 N lé (láti 1 N sí 3 N), gígùn fi 5 cm lé. k = 2 ÷ 0.05 = 40 N/m. Tí wọ́n bá wá béèrè gígùn àtilẹ̀wá, 1 N máa ń fi 1 ÷ 40 = 0.025 m kún un, nítorí náà 22.5 − 2.5 = 20 cm.

Tí sípíríǹgì bá wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ń yọ̀, ipá tó ń fà á kì í ṣe mg (máàsì × g) mọ́, mg sinθ ni; θ ni igun tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà fi dagun. Tó bá wà nínú ẹ̀rọ agbéniròkè tó ń yára sí i lọ sókè, m(g + a) ni; a ni bó ṣe ń yára sí i tó. Ìyókù kò yàtọ̀.

## Ẹ rọra sọ ọ́ kalẹ̀: ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà

Mo fẹ́ ká dúró síbí díẹ̀, torí ẹni tí ibí yìí bá yé, mẹ́káníìkì ti ń yé e nìyẹn.

Sípíríǹgì wa so rọ̀. Ẹ fi 200 g kọ́ ọ nídìí, ṣùgbọ́n ẹ ṣì fi àtẹ́lẹwọ́ gbé e dúró. Ẹ wá rọra máa sọ ọwọ́ kalẹ̀. Bí ọwọ́ ṣe ń lọ sílẹ̀ ni sípíríǹgì ń gba ẹrù náà lọ́wọ́ yín díẹ̀díẹ̀, títí tí ẹ ò fi ní mọ ìwúwo kankan lára mọ́. Ibi tó ti dúró nìyẹn, 25 cm. Ìfàgùn rẹ̀ jẹ́ 5 cm.

Ẹ tún un ṣe, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ẹ yọ ọwọ́ lójijì. Máàsì náà ré kọjá 25 cm, ó lọ dé 30 cm, ó dúró níbẹ̀ fìrí, ó sì tún ta padà sókè. Ìfàgùn rẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá jẹ́ 10 cm, ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá mú 10 cm yìí tó sì kọ mg = ke yóò rí 2 ÷ 0.10 = 20 N/m. Ìdajì ìdáhùn nìyẹn.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Nísàlẹ̀ pátápátá yẹn, ipá tí sípíríǹgì fi ń fà jẹ́ 40 × 0.10 = 4 N, ìwúwo máàsì sì jẹ́ 2 N péré. Ipá méjèèjì kò dọ́gba, ìdí nìyẹn tí máàsì kò fi lè dúró síbẹ̀. F = ke ṣì jẹ́ òótọ́, àmọ́ F kì í ṣe mg mọ́. Ọ̀nà agbára la fi ń yanjú irú èyí: mgx = ½kx². Ẹ yí i padà, k = 2mg ÷ x = 4 ÷ 0.10 = 40 N/m.

Ẹ máa ṣọ́ ọ̀rọ̀ tí ìbéèrè lò:

- "gently lowered", "hangs at rest", "in equilibrium": ẹ lo mg = ke.
- "released", "dropped", "maximum extension", "momentarily at rest": ẹ lo ọ̀nà agbára.

## Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa wọ̀n ọ́n

Ẹ má fi ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo wá k. Ìwọ̀n kan lè ní àṣìṣe nínú, ẹ ò sì ní mọ̀. Ẹ mú ó kéré tán márùn-ún, kí ẹ ya gíráàfù.

1. Ẹ fi sípíríǹgì kọ́ sára retort stand. Ẹ gbé nǹkan wúwo lé ẹsẹ̀ stand náà kó má baà dojú dé.
2. Ẹ gbé rúlà mítà dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ lẹ abẹ́rẹ́ mọ́ ìdí sípíríǹgì láti máa tọ́ka sí nọ́ńbà.
3. Ẹ ka nọ́ńbà náà nígbà tí kò tíì sí máàsì kankan.
4. Ẹ fi 50 g kún un. Ẹ dúró kó má mì mọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú yín bá abẹ́rẹ́ dọ́gba, kí ẹ tó kà á. Ẹni tó bá ń wò ó látòkè yóò ka nọ́ńbà tí kì í ṣe tirẹ̀.
5. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ títí dé 250 g.
6. Ẹ máa yọ máàsì kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tún máa kà á. Tí abẹ́rẹ́ kò bá padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ti fà á kọjá agbára rẹ̀. Sípíríǹgì náà ti bàjẹ́, ẹ mú òmíràn.

Ohun tí irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ lè fún yín rèé:

| Máàsì (g) | Ipá (N) | Abẹ́rẹ́ (cm) | Ìfàgùn (cm) |
|---|---|---|---|
| 0 | 0 | 20.0 | 0 |
| 50 | 0.5 | 21.3 | 1.3 |
| 100 | 1.0 | 22.5 | 2.5 |
| 150 | 1.5 | 23.7 | 3.7 |
| 200 | 2.0 | 25.0 | 5.0 |
| 250 | 2.5 | 26.3 | 6.3 |

Ẹ fi ipá sí ìlà tó dúró, ìfàgùn sí ìlà tó dùbúlẹ̀. Ẹ fa ìlà tààrà kan tó gba àárín àwọn àmì náà kọjá. Ẹ mú ibi méjì tó jìnnà síra lórí ìlà náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe lára àwọn nọ́ńbà inú tábìlì. Lórí ìlà tèmi, ipá jẹ́ 0.4 N níbi tí ìfàgùn jẹ́ 0.010 m, ó sì jẹ́ 2.4 N níbi tó jẹ́ 0.060 m. Sílóòpù = (2.4 − 0.4) ÷ (0.060 − 0.010) = 2.0 ÷ 0.050 = 40 N/m.

Ẹ kíyè sí bí ẹ ṣe to gíráàfù. Tí ìbéèrè bá ní kí ẹ fi ìfàgùn sí ìlà tó dúró, kí ẹ sì fi máàsì sí èyí tó dùbúlẹ̀, sílóòpù kì í ṣe k mọ́. g ÷ k ni. Pẹ̀lú sípíríǹgì yìí, ẹ máa rí sílóòpù 0.25 m/kg, k á sì jẹ́ 10 ÷ 0.25 = 40.

Tí ìlà kò bá gba ibi òdo kọjá ńkọ́? Ẹ má fipá fà á lọ síbẹ̀. Sípíríǹgì kan wà tí àwọn òruka rẹ̀ fún mọ́ra pinpin. Máàsì kékeré àkọ́kọ́ lè má ṣí wọn rárá. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn sílóòpù ju kí ẹ fi ìfàgùn kan pín ipá kan lọ. Sílóòpù kò bìkítà nípa ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀.

Tí ẹ ò bá ní máàsì lábúlé tàbí nílé: ẹ so ike omi òfìfo mọ́ ìdí sípíríǹgì, kí ẹ sì fi síríǹjì máa bu omi sí i. 50 mL omi jẹ́ 50 g. Ẹ ka ibi tí ike òfìfo bá dúró sí gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ò ní nílò láti wọn ike náà rárá.

## Ọ̀nà kejì: sípíríǹgì tó ń jó sókè sódò

Fọ́múlà rẹ̀ ni T = 2π√(m/k). Ẹ yí i padà kó di k = 4π²m ÷ T². T ni iye ìṣẹ́jú àáyá tí ìjó kan ṣoṣo gbà: láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kó sì tún padà dé ìsàlẹ̀.

Ìbéèrè: 400 g jó ní ìgbà 20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 12.6.

1. T = 12.6 ÷ 20 = 0.63.
2. T² = 0.397.
3. 4π² jẹ́ bíi 39.5, nítorí náà 39.5 × 0.4 = 15.8.
4. k = 15.8 ÷ 0.397 = 39.8 N/m.

Ẹ rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 40 gan-an. Ẹ tún rí i pé a ò lo g rárá. Tí wọn ò bá fún yín ní g, tí wọ́n sì fún yín ní àkókò, ọ̀nà yìí ni wọ́n ń tọ́ka yín sí.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí wà nínú kíkà. Nígbà tí ẹ bá tẹ stopwatch, "òdo" ni kí ẹ pè, kì í ṣe "ení". Ẹni tó bá pe "ení" nígbà tó tẹ̀ ẹ́ tó sì dúró ní "ogún", ìjó 19 ló kà. k rẹ̀ á fò sókè sí bíi 44. Ẹni tó bá ka lílọ sókè ní ọ̀kan, tó sì tún ka bíbọ̀ ní ọ̀kan, k tirẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin, 160 N/m, torí T² la fi ń pín.

Ẹ fà á díẹ̀ péré kó tó máa jó, kí ẹ sì rí i pé ó ń jó ṣánṣán, kò fì sọ́tùn-ún sósì. Tí ẹ bá ya gíráàfù T² sí máàsì, sílóòpù jẹ́ 4π² ÷ k. Ìlà náà kò ní gba ibi òdo kọjá, torí sípíríǹgì fúnra rẹ̀ ní máàsì, ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan sì máa ń bá wọn jó. Kò ba sílóòpù jẹ́.

## Ọ̀nà kẹta: agbára

Agbára tí sípíríǹgì fi pamọ́ ni ½kx². Ẹ wá ibi tí agbára náà ti wá, kí ẹ fi méjèèjì dọ́gba.

Wọ́n fún yín ní iṣẹ́ tí a ṣe. Ó gba 0.2 J láti fà á gùn ní 10 cm. k = 2 × 0.2 ÷ (0.10)² = 0.4 ÷ 0.01 = 40 N/m. Ẹ má gbàgbé ½ náà. Ipá tí ẹ fi fà á bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ó ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ ni. Kò dúró sójú kan.

Fún méjì tó kù, sípíríǹgì tó le bákan náà ni, àmọ́ òruka rẹ̀ yà síra kí a lè tẹ̀ ẹ́ pọ̀.

Nǹkan sáré wá kọlù ú. Ọkọ̀ kékeré 0.4 kg ń sáré 1 m/s lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀, ó tẹ sípíríǹgì pọ̀ ní 10 cm kó tó dúró. ½mv² = ½kx², k = 0.4 × 1² ÷ 0.01 = 40 N/m.

Nǹkan já lù ú látòkè. 100 g já láti 10 cm lókè orí sípíríǹgì, ó sì tẹ̀ ẹ́ wọlé ní 10 cm. Ẹ rọra: máàsì náà kò jábọ́ 10 cm, 20 cm ló jábọ́, torí ó ṣì ń lọ sílẹ̀ bó ṣe ń tẹ sípíríǹgì. mg(h + x) = ½kx². 1 × 0.20 = ½ × k × 0.01, k = 40 N/m. Ẹni tó bá gbàgbé x yóò rí 20.

## Sípíríǹgì méjì, tàbí èyí tí wọ́n gé

Tí méjì bá jọ gbé ẹrù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ ro k wọn pọ̀: 40 + 40 = 80. Tí ọ̀kan bá so mọ́ ìdí èkejì, 1/k = 1/40 + 1/40, k jẹ́ 20. Òdìkejì bí ẹ ṣe ń ro resistor ni, ẹ má jẹ́ kí ó pa pọ̀ lórí yín. Tí wọ́n bá gé sípíríǹgì kan sí méjì ọgbọọgba, ìdajì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 80, ó le sí i. Gbogbo èèyàn ló máa ń rò pé á rọ̀ sí i.

## Kí ẹ tó kọ ìdáhùn sílẹ̀

Ẹ bi ara yín: tí mo bá fi 1 kg kọ́ sípíríǹgì yìí, báwo ló ṣe máa gùn sí i tó? Ẹ fi k pín 10.

- 40 N/m: 0.25 m. Ó ṣeé gbà.
- 0.4 N/m: mítà 25. Sípíríǹgì orí tábìlì kan ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ti gbàgbé cm.
- 40,000 N/m: 0.25 mm. Ẹ ti gbàgbé láti yí gíráàmù padà.

Tí ìdáhùn yín bá wà ní N/cm, ẹ fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀ kó tó di N/m. Ẹ kọ N/m sí i lẹ́yìn, torí nọ́ńbà lásán kì í gba máàkì pé.

## Ẹ fi èyí dán ara yín wò

300 g sọ gígùn sípíríǹgì kan di 26 cm. 500 g sọ ọ́ di 30 cm. (a) Kí ni k? (b) Kí ni gígùn àtilẹ̀wá rẹ̀? (d) Tí ẹ bá rọra fa 500 g náà sísàlẹ̀ díẹ̀ tí ẹ sì fi í sílẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá mélòó ni ìjó 10 máa gbà?

Ìdáhùn: (a) 50 N/m, (b) 20 cm, (d) bíi 6.3. Tí (a) yín bá jẹ́ 125, ẹ wò ó bóyá gígùn àti ipá àkọ́kọ́ lẹ yọ kúrò lára èkejì, àbí ọ̀kan ṣoṣo lẹ yọ.